Àròkọ Gẹ̀ẹ́sì nínú WAEC: Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kúrò lórí "kí n ṣáà ti kọ nǹkan" bọ́ sórí àròkọ tó ń gba máàkì

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, èèyàn ò ní fẹ́ dìde nídìí wọn. Wọ́n mọ ìròyìn í ròyìn, wọ́n mọ àwíjàre, wọ́n sì lè bá àgbà jiyàn láì rí wọn fín. Àmọ́ ẹ gbé bébà síwájú wọn pé kí wọ́n kọ àròkọ. Ojú ewé kan ò tíì ní kún tí ọ̀rọ̀ á ti tán nínú wọn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tí wọ́n ti kọ kọ, tàbí kí wọ́n máa fi lẹ́tà gàdàgbà-gadagba kún ojú ewé.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Nínú ìdánwò àṣejáde girama tí WAEC ń ṣe, ìyẹn WASSCE, àròkọ ló kó ìdajì máàkì tó wà nínú Paper 2 Gẹ̀ẹ́sì. Paper náà jẹ́ 100. Àròkọ nìkan gba 50, àkàyé gba 20, ṣíṣe àkópọ̀ ọ̀rọ̀ ní ṣókí gba 30. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ tí kò bá ní krẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ì báà gba A nínú físíìsì àti kẹ́mísírì, ìwé ìgbaniwọlé yunifásítì lè fò ó dá. Owó ìdánwò tí òbí san ti lọ nìyẹn, ọdún kan gbáko sì ti tẹ̀ lé e.

Ohun tó yẹ kí òbí àti ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé àròkọ kíkọ kì í ṣe ẹ̀bùn tí wọ́n ń bí mọ́ èèyàn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí aṣọ rírán. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ọ́n, tó gé e, tó rán an, tó tú u, tó sì tún un rán, bó pẹ́ bó yá, á mọ̀ ọ́n. Ó sì ní ìpele tí èèyàn máa ń gbà kọjá.

Kí ló dé tí ẹni tó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ fi ń tiraka nídìí àròkọ?

Orúkọ tí Yorùbá fún iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé ara rẹ̀. À-rò-kọ: ohun tí a rò, kí a tó kọ ọ́. Ríronú ló ṣáájú, bíírò ló tẹ̀ lé e.

Àwọn kan máa ń fi ohùn ṣi í pè, wọ́n á pè é ní àrokò. Ìyẹn yàtọ̀. Àrokò ni ọgbọ́n tí àwọn baba ńlá Yorùbá ń dá láti fi owó ẹyọ, ìyẹ́ ẹyẹ àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn láìsọ̀rọ̀. Àmọ́ ohun kan pa méjèèjì pọ̀. Ẹni tó gba àrokò kò sí níbi tí wọ́n ti dì í, kò sì lè bi ẹni tó fi í ránṣẹ́ pé, "Kí lẹ ní lọ́kàn níbí yìí?" Bó ṣe rí náà nìyẹn fún ẹni tó ń máàkì ìwé WAEC.

Ibẹ̀ ni ìṣòro ọmọ tó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ ló ń tọ́ ọ sọ́nà. Bí ẹni yẹn bá fajú ro, á tún ọ̀rọ̀ ṣàlàyé. Bó bá ní "ẹn-ẹ́n, kí ló wá ṣẹlẹ̀?", á máa bá a lọ. Lórí bébà, kò sí ojú tó máa wò, kò sì sí ẹni tó máa bi í léèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí olùgbọ́ ìbá bi í, kó sì dáhùn wọn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ọgbọ́n tí ọmọ ń kọ́ nídìí àròkọ kò jù báyìí lọ; gbogbo ìyókù, ẹ̀ka rẹ̀ ni.

Bí máàkì 50 náà ṣe pín

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wọ gbọ̀ngàn ìdánwò láìmọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi díwọ̀n iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí.

Àkọ́kọ́ ni Content, máàkì 10. Ṣé ohun tí wọ́n béèrè ni ọmọ náà dáhùn? Ṣé kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó, ó sì ṣàlàyé wọn?

Ìkejì ni Organization, máàkì 10. Ṣé ọ̀rọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin? Ṣé ó pín in sí ìpínrọ̀ bó ṣe yẹ? Tó bá jẹ́ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni, ṣé àdírẹ́sì méjèèjì, déètì, ìkíni, àkọlé àti ìparí pẹ̀lú ìbuwọ́lù pé síbẹ̀?

Ìkẹta ni Expression, máàkì 20. Òun ló pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo bí gbólóhùn ṣe ń ṣàn, bí ọ̀rọ̀ tí ọmọ lò ṣe bá ibi tó lò ó mu, àti bóyá gbogbo gbólóhùn rẹ̀ kò gùn bákan náà.

Ìkẹrin ni Mechanical Accuracy, máàkì 10. Gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìdánudúró ló wà níbẹ̀. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi bíírò yí ká, ìdajì máàkì ló ń bá a lọ. Ẹni tó bá ní àṣìṣe 20, máàkì 10 yẹn ti run tán.

Tí èèyàn bá wo ìpín yìí dáadáa, á rí i pé gírámà nìkan kọ́ ni ìdánwò yìí ń wò. Ọmọ tí sípẹ́lì rẹ̀ mọ́ tónítóní, àmọ́ tí kò ní ohun gidi kan láti sọ, ṣì ń pàdánù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò létò náà ń pàdánù.

Ìpele àkọ́kọ́: Ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹran lára

Ká mú un pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà ní SS2. Ìbéèrè ní kó kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kó sọ ìṣòro méjì tó ń bá àdúgbò wọn fínra, kó sì dábàá ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Bí wọ́n bá tú ohun tó kọ́kọ́ kọ sí Yorùbá, bó ṣe máa rí rèé:

"Àdúgbò wa dọ̀tí púpọ̀. Ìdọ̀tí kò dára rárá. Ó ń kó bá àwọn èèyàn. Ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan sí i nítorí pé ìdọ̀tí burú."

Gbólóhùn mẹ́rin ni, àmọ́ ohun kan ṣoṣo ló sọ. Tí alága bá rí lẹ́tà yìí gbà, kò ní mọ àdúgbò tí wọ́n ń sọ, kò ní mọ ohun tó bà jẹ́, kò sì ní mọ ẹni tó ń jìyà rẹ̀.

Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fi bíírò pupa ya gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin ló máa bi ọmọ náà: Níbo? Láti ìgbà wo? Ta ló ń jìyà rẹ̀? Kí lojú rẹ rí? Ọmọ náà á dáhùn lẹ́nu kíá, torí pé ojú ọ̀nà yẹn ló ń gbà lọ sílé ìwé lójoojúmọ́. Olùkọ́ á ní, "Ó dáa, kọ ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn sílẹ̀." Ó wá di:

"Gọ́tà tó wà níwájú ọjà wa ti dí pa láti ìgbà òjò tó kọjá. Bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan péré, omi ẹ̀gbin á ya wọ ìsọ̀ àwọn aláta àti àwọn elélùbọ́. Ní oṣù tó kọjá, ìyá kan da àpò èlùbọ́ mẹ́ta nù nítorí pé omi ti wọ̀ ọ́."

Ọmọ kan náà ni o, kò sì tíì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tuntun kankan. Ohun tó yí padà ni pé ó ti ń dáhùn ìbéèrè tí wọn ò tíì bi í. Lẹ́tà kejì yìí, alága lè fi rán ẹnjiníà níṣẹ́.

Ìpele kejì: Kí ọ̀rọ̀ tò bí ẹní

Nígbà tí ọmọ bá ti ní ohun tó fẹ́ sọ, wàhálà tó kàn ni ètò. Ohun gbogbo á fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà: gọ́tà, iná, ọ̀nà tó bà jẹ́, ẹ̀fọn, gbogbo rẹ̀ nínú ìpínrọ̀ kan.

Òfin kan ló ń yanjú èyí: ìpínrọ̀ kan, kókó kan. Gbólóhùn àkọ́kọ́ á sọ kókó náà. Ìkejì àti ìkẹta á ṣàlàyé rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń fà.

WAEC ní kí àròkọ náà má dín ní ọ̀rọ̀ 450, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọmọ sì máa mú nínú márùn-ún. Ẹnu ọmọ kékeré lè ya tó bá gbọ́ 450. Ṣùgbọ́n ẹ pín in sí ìpínrọ̀ márùn-ún, 90 péré ló kan ìkọ̀ọ̀kan. Fún lẹ́tà alága yẹn, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ á sọ ẹni tó ń kọ̀wé àti ìdí tó fi ń kọ ọ́. Ìkejì á dá lé gọ́tà. Ìkẹta á dá lé iná ọ̀nà tó ti kú. Ìkẹrin á sọ ohun tí wọ́n lè ṣe sí méjèèjì. Ìkarùn-ún á fi ọ̀wọ̀ kádìí rẹ̀.

Ìwé ìbéèrè fúnra rẹ̀ máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn pé kó lo bí ìṣẹ́jú 50 lórí àròkọ. Ọ̀nà tó dáa láti ná an ni pé kó fi ìṣẹ́jú 7 kọ àwọn kókó rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣókí, kó fi 35 kọ àròkọ gan-an, kó sì fi 8 tó kù tún un kà. Ìṣẹ́jú 7 àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń rò pé àwọn fi ṣòfò. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá lò ó ló ń dúró láàárín ọ̀nà, tó ń jẹ ìdí bíírò.

Ìpele kẹta: Nígbà tí Yorùbá bá ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà

Ọmọ Yorùbá tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, èdè méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú orí rẹ̀. Àwọn àṣìṣe kan wà tí kì í ṣe àìgbọ́n ló fà wọ́n. Yorùbá tó gbọ́ dáadáa ló fà á.

Ẹ wo "ó". Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ajá ni o, "ó" náà ni. Gẹ̀ẹ́sì ní dandan, àfi kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ á fi kọ "he" sí ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ àǹtí rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀wọ̀. Ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé kò ní sọ pé "màmá mi dé, ó ti jẹun". "Wọ́n ti jẹun" ló máa sọ. Tó bá wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, màmá kan ṣoṣo á di "they".

Ẹ wo àkókò. "Mo lọ sọ́jà lánàá." "Lọ" kò yí padà, "lánàá" ló gbé àkókò náà rù. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìṣe fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yí. Ọmọ tí kò bá mọ èyí á kọ "I go to the market yesterday". Ìyàtọ̀ yìí náà ló ń mú kí ẹlòmíì kọ pé òun "hear" òórùn, torí pé Yorùbá máa ń gbọ́ òórùn.

Tí wọ́n bá kàn ń fi pupa ya àwọn nǹkan yìí, ọmọ á ṣáà gbà pé òun ò mọ̀wé. Tí wọ́n bá ṣàlàyé ibi tí ọ̀nà àwọn èdè méjèèjì ti pín, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí i fúnra rẹ̀. Kò sì sídìí láti lé Yorùbá kúrò nílé nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan nílùú Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tó fi Yorùbá kàwé dé òpin ló ṣe dáadáa jù, títí kan inú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ro ọ̀rọ̀ já ní èdè abínibí rẹ̀ ti ní ohun tó máa gbé wọ èdè kejì.

Nítorí náà, kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ fi Yorùbá to kókó rẹ̀ nílé. Ohun tó yẹ kó yẹra fún ni kó máa tú Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìpele kẹrin: Àtúnkọ, ibi tí ìdàgbàsókè wà gan-an

Bí ọ̀pọ̀ ọmọ bá gba ìwé wọn padà, máàkì ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì pa á dé. Ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣe àṣìṣe kan náà láti SS1 dé SS3.

Ọmọ tó fẹ́ gòkè nílò ìwé kékeré kan tó máa pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan, àṣìṣe tó ṣe. Apá kejì, bó ṣe yẹ kó rí. Lẹ́yìn àròkọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, á rí i pé àṣìṣe òun ò pọ̀ tó bí òun ṣe rò. Márùn-ún tàbí mẹ́fà kan náà ló ń padà wá. Nínú ìṣẹ́jú 8 tó fi ń tún iṣẹ́ rẹ̀ kà lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn yẹn ló máa wá kiri. Bó bá rí mẹ́fà tún ṣe, ó ti gba máàkì mẹ́ta padà nìyẹn.

Kí wọ́n sì tún àròkọ kan náà kọ lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó bọ́ sórí òmíràn. Ẹni tó bá kọ àròkọ mẹ́fà, tó tún ìkọ̀ọ̀kan kọ, máa ń jàǹfààní ju ẹni tó kọ méjìlá láìwo ẹ̀yìn. WAEC tiẹ̀ máa ń gbé ìròyìn àwọn ọ̀gá àwọn olùmáàkì sórí abala e-learning wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè tó ti kọjá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kùnà.

Tó bá dé yunifásítì, eré tún yí padà

Ọmọ tó gba B nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC lè dé ọdún àkọ́kọ́ yunifásítì kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó kọ gba máàkì tó máa yà á lẹ́nu. Kì í ṣe pé ó ti gbàgbé. Ohun tí wọ́n ń wá ti yàtọ̀ ni.

Ní girama, "mo rò pé" tó. Ní yunifásítì, wọ́n á bi í pé, "Kí lẹ̀rí ẹ?" Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó dúró lé láti ìbẹ̀rẹ̀, kó kó ẹ̀rí jọ lórí rẹ̀, kó dárúkọ ẹni tó ti sọ ọ́ ṣáájú àti ọdún tó sọ ọ́, kó sì dá àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ síbẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀, olè ni wọ́n kà á sí, ì báà ṣe ìpínrọ̀ kan péré.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ń báni kọ̀wé, bíi ChatGPT, ti wọlé. Wọ́n lè kọ àròkọ ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ wọ́n máa ń hùmọ̀ ìwé àti òǹkọ̀wé tí kò sí láyé. Ewu tó ju ìyẹn lọ ni pé ẹni tí ẹ̀rọ bá ń bá ronú kò ní ẹni tó máa bá a ronú nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n lè ní kí ẹ̀rọ náà bi òun ní ìbéèrè lórí ohun tí òun ti kọ, bí olùkọ́ ṣe ṣe fún ọmọ SS2 yẹn. Kó má gbé bíírò lé e lọ́wọ́.

Ohun tí olùkọ́ àti òbí lè ṣe

Olùkọ́ tí ọmọ pọ̀ rẹpẹtẹ nínú kíláàsì rẹ̀ kò lè máàkì àròkọ gbogbo wọn lọ́sẹ̀ kan náà. Ó lè ní kí wọ́n kọ ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, kí ọmọ méjì-méjì pààrọ̀ ìwé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì kọ ìbéèrè mẹ́ta sí abẹ́ iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ̀. Kò gba ju ìṣẹ́jú 20 lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni lówó.

Òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ní iṣẹ́ nínú rẹ̀. Kó ní kí ọmọ fi Yorùbá sọ ohun tó fẹ́ kọ fún òun. Níbi tí ọ̀rọ̀ náà kò bá ti yé òbí, kó béèrè. Ibi tó bá ti béèrè yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kù díẹ̀ káàtó nínú àròkọ náà.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìpínrọ̀ kan lọ́sẹ̀, àròkọ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú àtúnkọ. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ SS2 máa ti kọ ogún àròkọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jókòó níwájú ti WAEC. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọ́n bá ní kó bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn á ti yàtọ̀. Kò ní máa bi ara rẹ̀ pé "Kí ni kí n kọ?" mọ́. Á máa wo márààrún pé, "Èwo ni kí n mú?"